Los Angeles: Ìlú Tí Ènìyàn Mẹ́rìnlélógójì Tẹ̀dó

Bí a bá dárúkọ Los Angeles láàrin àwọn ọ̀dọ́, sinimá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn: àwọn lẹ́tà funfun gàgàrà tí ó wà lórí òkè Hollywood, àwọn òṣèré olókìkí, àwọn igi ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, àti etíkun tí oòrùn ń wọ̀ sí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí a ń wò nínú fíìmù yìí ní ìtàn kan tí kámẹ́rà kì í sábà yà. Kí ó tó di ìlú sinimá, abúlé àgbẹ̀ ni. Kí ó tó di ti Amẹ́ríkà, abẹ́ ọba Spéìn ni ó wà, kí ó tó bọ́ sí abẹ́ Mẹ́síkò. Àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ahéré síbẹ̀ ni ó jẹ́ ìran Áfíríkà.

Lónìí, Los Angeles ni ìlú kejì tí ó tóbi jùlọ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn New York. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé ènìyàn tí ó ń gbé inú rẹ̀ lé ní 3,800,000, láìka àwọn ìlú kéékèèké tí wọ́n yí i ká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì àwọn ará ìlú ni orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò tàbí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí a ti ń sọ èdè Spéìn. Báwo ni abúlé kékeré ṣe di ìlú ńlá báyìí? Ta ni ó tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ni ó jẹ èrè rẹ̀, ta ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀: lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀.

Àwọn onílẹ̀ àti odò tí ó bí ìlú

Àwọn ẹ̀yà Tongva ni wọ́n ti ń gbé àfonífojì yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí aláwọ̀ funfun kankan tó fojú kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn abúlé wọn tí ó tóbi, Yaanga, wà nítòsí ibi tí àárín gbùngbùn ìlú wà lónìí. Èso igi óákù ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n á lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, wọ́n á fi omi ṣan ìkorò rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó fi ro oúnjẹ. Wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń fi pákó kan ọkọ̀ ojú omi tí ó lè gbé wọn la òkun já dé erékùṣù Catalina.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1769, àwọn ọmọ ogun Spéìn tí Gaspar de Portolá darí wọn dé etí odò kan ní àfonífojì náà. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan, Juan Crespí, wà pẹ̀lú wọn, ó ń kọ ohun tí ojú wọn rí sínú ìwé. Àkókò àjọ̀dún Màríà, Ayaba àwọn Áńgẹ́lì, ni ó bọ́ sí, wọ́n sì fi orúkọ àjọ̀dún náà pe odò ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọmọ tí a bí lásìkò ọdún ní Abíọ́dún. Láti ara orúkọ yẹn ni Los Angeles ti jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Spéìn ni "Àwọn Áńgẹ́lì".

Ní ọdún 1771, àwọn àlùfáà dá ilé ìjọsìn San Gabriel sílẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn odò náà. Wọ́n ní ẹ̀sìn ni àwọn mú wá, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni ó dé. Àwọn Tongva tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún di òṣìṣẹ́ nínú oko ilé ìjọsìn. Wọn kò láṣẹ láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wù wọ́n, ẹni tí ó bá sì sá, pàṣán ń bẹ fún un. Àìsàn tí wọn kò mọ̀ rí pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1785, obìnrin oníṣègùn kan láàrin wọn, Toypurina, wà lára àwọn tí wọ́n gbìmọ̀ láti lé àwọn àlejò náà lọ. Àṣírí wọn tú, wọ́n mú un, wọ́n sì lé e jìnnà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn Tongva kò parẹ́, wọ́n ṣì wà ní Los Angeles títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tíì fi òǹtẹ̀ lù wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan.

Àwọn mẹ́rìnlélógójì

Ilé ìjọsìn wà, bárékè àwọn ọmọ ogun náà wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bọ́ wọn? Felipe de Neve, tí ó jẹ́ gómìnà Kalifóníà nígbà náà, rí i pé àgbẹ̀ ni ìlú náà nílò. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ẹkùn Sinaloa àti Sonora, tí wọ́n wà ní Mẹ́síkò òde òní, láti wá ìdílé 24. Wọ́n ṣèlérí ilẹ̀, ẹran ọ̀sìn, irinṣẹ́ àti owó. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n jẹ́ ìpè kò tó iye tí wọ́n ń wá. Ta ni yóò fi ilé sílẹ̀ lọ sí ibi tí kò mọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ilé kò rọ̀ lọ́rùn?

Ìdílé 11 péré ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú dó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1781: ọkùnrin 11, obìnrin 11 àti ọmọdé 22. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 44. Àwọn òpìtàn tí wọ́n yẹ ìwé ìkànìyàn wọn wò gbà pé ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n ní orírun Áfíríkà. Àwọn tó kù jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò tàbí àdàlù ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin méjì péré ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará Spéìn, aya àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Láti bí ọdún 1520 síwájú ni àwọn ará Spéìn ti ń kó ẹrú láti Áfíríkà lọ sí Mẹ́síkò. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1781, ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú wọ̀nyẹn ti di òmìnira, wọ́n ti ń sọ èdè Spéìn, wọ́n sì ti ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò pè ní tiwọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣáájú ni omi. Wọ́n gbẹ́ yàrà láti inú odò wá sí ìlú, wọ́n sì pè é ní Zanja Madre, èyí tí a lè pè ní Yàrà Ìyá. Yàrà yẹn ni ó bọ́ oko àgbàdo àti ẹ̀wà wọn, òun náà ni ó sì bọ́ ìlú fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀lúdó náà ni Luis Quintero, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ aránṣọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, María Rita Valdez, di ẹni tí ó ni ilẹ̀ títẹ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Rodeo de las Aguas, ibi tí omi ti ń pàdé. Ilẹ̀ tí a ń sọ yìí ni a mọ̀ sí Beverly Hills lónìí. Bí ẹ bá ti gbọ́ nípa Rodeo Drive, òpópónà tí àwọn olówó ti ń ra aṣọ àti góòlù, láti ara orúkọ ilẹ̀ obìnrin yìí ni ó ti wá.

Ó pẹ́ kí ìlú tó fi ìgboyà sọ ìtàn yìí. Ní ọdún 1981, nígbà tí ìlú pé igba ọdún, wọ́n gbé àwo idẹ kan kalẹ̀ ní gbàgede àtijọ́. Orúkọ àwọn atẹ̀lúdó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti ẹ̀yà tí wọ́n kọ wọ́n sí. Ẹni tí ó bá kọjá lè dúró, kí ó sì kà á fúnra rẹ̀.

Gómìnà tí ìwé gbà lọ́wọ́, àti ẹrúbìnrin tí ó di onílẹ̀

Mẹ́síkò gba òmìnira lọ́wọ́ Spéìn ní ọdún 1821, Los Angeles sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Gómìnà tí ó jẹ kẹ́yìn ní Kalifóníà lábẹ́ Mẹ́síkò ni Pío Pico. Ìyá-ńlá rẹ̀ wà nínú àwọn tí ìwé ìkànìyàn kọ sílẹ̀ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà. Ogun bẹ́ láàrin Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ní ọdún 1846; nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1848, Kalifóníà ti di ti Amẹ́ríkà.

Àdéhùn náà ṣèlérí pé ohun ìní àwọn ará Mẹ́síkò kò ní bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin tuntun dé, èdè tuntun dé, a sì ní kí onílẹ̀ wá fi ìwé gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní kóòtù. Pico ní ilẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì kọ́ Pico House, hótẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta tí ó lókìkí jùlọ ní ìlú ní ọdún 1870. Ẹjọ́, gbèsè àti tẹ́tẹ́ jẹ ọrọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ó fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí kò lè kà. Ó ní owó ni òun yá, tí òun fi ilẹ̀ dúró. Kóòtù ní títà ni ó ta á. Ó kú ní ọdún 1894 láìní ilẹ̀ kankan mọ́, ẹni tí ó ti fìgbà kan jẹ́ olórí gbogbo Kalifóníà.

Ní àkókò tí ọrọ̀ Pico ń lọ sílẹ̀ ni ti obìnrin kan ń gòkè bọ̀. Ẹrú ni Biddy Mason nígbà tí olówó rẹ̀ kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ Mississippi lọ sí Utah. Ẹ̀yìn àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù ni obìnrin yìí ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé, ó ń da ẹran, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ní ọdún 1851, olówó rẹ̀ tún kó wọn wá sí Kalifóníà, níbi tí òfin ti sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ kó wọn sá lọ sí Texas, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ òmìnira ní Los Angeles ta àwọn agbófinró lólobó. Òfin kò gba aláwọ̀ dúdú láyè nígbà náà láti jẹ́rìí ta ko aláwọ̀ funfun ní kóòtù. Adájọ́ Benjamin Hayes pè é sínú yàrá rẹ̀, ó bi í léèrè ohun tí ó fẹ́, ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1856, adájọ́ náà kéde pé òun àti àwọn 13 mìíràn ti di òmìnira.

Biddy Mason ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó gbẹ̀bí olówó, ó gbẹ̀bí tálákà, ó sì ń tọ́jú owó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1866, ó fi dọ́là 250 ra ilẹ̀ ní òpópónà Spring. Nígbà tí ìlú fẹ̀ dé ibẹ̀, ilẹ̀ náà di ojúlówó ọrọ̀. Kò gbàgbé ibi tí ó ti wá: ó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n ti dá ìjọ First A.M.E., ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ìlú náà, sílẹ̀ ní ọdún 1872. Ó kú ní ọdún 1891, kò sì sí àmì lórí ibojì rẹ̀ títí di ọdún 1988.

Omi kò lọ́tàá

Ọkọ̀ ojú irin dé ní ọdún 1876, wọ́n rí epo rọ̀bì ní ọdún 1892, àwọn àlejò sì ń wọ́ tìrítìrí. Ní ọdún 1900, ènìyàn ti lé ní 100,000. Odò kékeré àti Yàrà Ìyá kò lè tó wọn mọ́. William Mulholland, ọmọ Áílándì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ro yàrà omi, ti di olórí ẹ̀ka omi nígbà náà. Ó wo àríwá, ó rí odò Owens tí ń ṣàn láti orí òkè oníyìnyín. Àwọn aṣojú ìlú lọ rọra ra ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ omi lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ẹni tí ń rà á tàbí ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 1913, omi náà dé. Ó ti rin máìlì 233, ó gba aṣálẹ̀ àti inú òkè kọjá, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tí ń fà á; gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ nìkan ni ó ń tẹ̀lé. Omi yìí ni ó sọ Los Angeles di ńlá. Àwọn ìlú kéékèèké tí omi wọ́n fún wá fi ara wọn mọ́ ọn; Hollywood pàápàá ti darapọ̀ ní ọdún 1910 nítorí omi. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fíìmù àkọ́kọ́ dé Hollywood, nítorí oòrùn tí kì í jìnnà, àti nítorí pé òkun, òkè àti aṣálẹ̀ wà nítòsí ara wọn. Àwọn lẹ́tà funfun gàgàrà nì? Ìpolówó ilẹ̀ títà ni wọ́n gbé e dúró fún ní ọdún 1923. HOLLYWOODLAND ni wọ́n kọ nígbà náà. Wọ́n yọ lẹ́tà mẹ́rin ìkẹyìn kúrò ní ọdún 1949.

Ṣùgbọ́n omi tí ó dé Los Angeles, láti oko ẹlòmíràn ni ó ti kúrò. Adágún Owens gbẹ, eruku rẹ̀ sì di àìsàn fún àwọn tí wọ́n kù síbẹ̀. Ní ọdún 1924, àwọn àgbẹ̀ tí inú ń bí fi ohun abúgbàù fọ́ ọ̀nà omi náà. Èyí tí ó burú jù wá ní alẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1928. Dáàmù St. Francis tí Mulholland kọ́ wó lulẹ̀ ní kété kí agogo méjìlá òru tó lù. Wákàtí díẹ̀ ṣáájú ni òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó ní kò séwu. Ó lé ní 400 ènìyàn tí omi gbé lọ lójú oorun. Ọkùnrin náà gbà pé ẹ̀bi òun ni, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì tún gbé orí sókè mọ́.

Odò tí ó fún ìlú ní orúkọ ńkọ́? Ó kún ní ọdún 1938, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 80. Ìjọba fi kọnkéré ká a mọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá lórí afárá lónìí lè má mọ̀ pé odò ni. Á rò pé gọ́tà ńlá ni.

Ta ni ó ni ìlú?

Bí ìlú ti ń dàgbà ni ìbéèrè yìí ń padà wá. Ní ọdún 1871, àwọn jàǹdùkú pa ọkùnrin Ṣáínà 18 ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n dá àwọn díẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga wọ́gi lé e. Ní àwọn ọdún 1950, ìlú lé àwọn ìdílé tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò kúrò ní Chavez Ravine, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò kọ́ ilé ìjọba tuntun síbẹ̀. Wọn kò kọ́ ilé kankan. Pápá ìṣeré Dodgers ni ó wà níbẹ̀ láti ọdún 1962. Ní Watts, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ìbínú lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá àti àìríṣẹ́ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1965. Ènìyàn 34 kú láàrin ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọdún 1992, lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n lu Rodney King níwájú kámẹ́rà láre, iná tún ràn, ó sì lé ní 50 ènìyàn tí ó bá a lọ.

Síbẹ̀, ìlú kan náà ni ó dìbò yan Tom Bradley, ọmọ-ọmọ ẹrú tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, sí ipò olórí ìlú ní ọdún 1973. Ogún ọdún gbáko ni ó lò níbẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n yan Karen Bass, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà.

Bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbàgede àtijọ́, kí ẹ ka àwo idẹ náà. Nítòsí ibẹ̀ ni òpópónà Olvera wà, pẹ̀lú ọjà Mẹ́síkò rẹ̀ àti Avila Adobe, ilé alámọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1818, èyí tí ó pẹ́ jùlọ ní ìlú. Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà Spring, níbi tí ògiri ìrántí Biddy Mason wà lórí ilẹ̀ tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Ẹ lọ sí Watts, kí ẹ wo àwọn ilé ìṣọ́ tí Simon Rodia, òṣìṣẹ́ kan láti Ítálì, fi irin, sìmẹ́ǹtì, àfọ́kù àwo àti ìgò kọ́ fúnra rẹ̀ fún ọdún 33. Bí àárò ilé bá ń sọ yín, ẹ béèrè ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Yunifásítì UCLA. Iṣẹ́ ọnà Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n kó jọ síbẹ̀.

Ẹ má ṣe fo pápá ìṣeré Coliseum. Ibẹ̀ ni Sunday Uti, Moses Ugbisie, Rotimi Peters àti Innocent Egbunike ti sáré gba àmì ẹ̀yẹ bàbà fún Nàìjíríà ní ìdíje Olympics ọdún 1984. Ìdíje náà tún ń padà sí ìlú yìí ní ọdún 2028.

Ẹ óò rí ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, iná tí afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ run àdúgbò Palisades nínú ìlú, ó sì run Altadena, ìlú kékeré kan lẹ́bàá òkè tí ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú ti ra ilé sí nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rà á níbòmíràn. Ilé àti ilé iṣẹ́ tí ó jóná lé ní 16,000. Àwọn tí wọ́n kù ń jiyàn lórí ìbéèrè àtijọ́ kan náà: ta ni yóò tún un kọ́, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára láti kọ́ ọ mọ́?

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Los Angeles mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Nígbàkigbà tí ẹ bá tún rí àwọn lẹ́tà funfun nì nínú fíìmù, ẹ rántí pé nísàlẹ̀ òkè yẹn, ènìyàn mẹ́rìnlélógójì kan ti gbẹ́ yàrà rí, kí omi lè dé oko, kí ọmọ wọn lè jẹun.